Ọ̀nà Ni Í Kọ́ Oníṣẹ́ Ọnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun. Ó ṣòro kí a tó rí ìlú tí òwe yìí yé tó Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà pípẹ́ wá ni àwọn ọmọ ìlú náà ti ń di ẹrù wọn lọ sí ilẹ̀ Hausa, tí wọ́n sì ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sí Gold Coast, orílẹ̀-èdè tí ó di Gánà ní ọdún 1957. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n yóò tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ lọ sí Tamale tàbí Kumasi; yóò jókòó ti àtẹ, yóò kọ́ èdè onílẹ̀, yóò sì mọ iye tí à ń ta aṣọ àti iye tí à ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọdún bá gorí ọdún, yóò padà wálé, yóò kọ́ ilé, yóò fi páànù bò ó, yóò fẹ́ ìyàwó, inú ìdílé rẹ̀ yóò sì máa dùn. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ pè é ní alárìnkiri. Oníṣòwò ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ mìíràn nínú agbo ilé kan náà dìde ní ọjọ́ kan, kí ó wí pé àwòrán yíyà ni òun yóò fi ṣe iṣẹ́ ṣe, àti pé òun ń fẹ́ lọ wo ayé kí ojú òun lè là sí iṣẹ́ náà. Ilé yóò dàrú. Ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tí ó ń ṣe ọmọ òun. Bàbá yóò ní òun kò rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè wá máa kun ògiri kiri. Bí ó ti rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó rí ní Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa. Bàbá tí ó wúre fún ẹni tí ń lọ ta aṣọ ni yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń lọ ya àwòrán. Ǹjẹ́ èyí tọ́ bí? Kò tọ́ rárá. Ọ̀nà jíjìn ni ilé ẹ̀kọ́ ayàwòrán, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ oníṣòwò. Ẹrù tí ayàwòrán sì ń gbé bọ̀ wálé kì í ṣe ẹrù tí ó fúyẹ́.

Èdè wa fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ọ̀nà ni ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Ọnà ni ohun ẹwà tí ọwọ́ ń dá. Ohùn kan péré ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. A kò ní tìtorí èyí sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì, nítorí ọ̀rọ̀ méjì lè jọra kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ yóò rí i pé ọ̀nà àti ọnà ti ń bá ara wọn rìn tipẹ́tipẹ́. Igbá fínfín, tìmùtìmù aláwọ, aṣọ òfì, ìlù dùndún: àwọn wọ̀nyí ni a fi mọ Ọ̀yọ́ káàkiri. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀yọ́ tí à ń wò lónìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ àtijọ́. Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí àwọn ènìyàn sá kúrò níbẹ̀, tí Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun. Ẹni tí ó ń sá fún ogun kò lè ru ilé rẹ̀, kò sì lè ru oko rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ni kò sí ọ̀tá tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọnà ṣe gba ọ̀nà dé Ọ̀yọ́ nìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí àròsọ lásán, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé ayàwòrán kan tí ọ̀nà kọ́ níṣẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1944 ni a bí Táíwò Ọláníyì sí Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ọmọ Ìbàdàn ni baba rẹ̀, láti ìdílé Òṣúntókí tí ó jẹ Baálẹ̀ Ìbàdàn ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì léra-léra, nínú gbogbo àwọn ọmọ náà, òun nìkan ṣoṣo ni ó yè. Nítorí náà ni ó ṣe sọ ara rẹ̀ ní Twins Seven-Seven, orúkọ yìí ni a sì wá mọ̀ ọ́n sí títí dé òkè òkun.

Nígbà tí ó di ọdún 1964, ó dé Òṣogbo. Kò wá gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pè é. Oníjó ni lẹ́yìn olóògùn kan tí ń ti ìlú dé ìlú. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní ìgbà náà tí kò mọ irú àwọn olóògùn bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ wọn bá ti dúró létí ọjà, ìlù yóò bẹ̀rẹ̀, oníjó yóò máa jó títí èrò yóò fi pé yí i ká, nígbà náà ni olóògùn yóò wá gbé ìgò rẹ̀ sókè, tí yóò sì máa ka gbogbo àrùn tí ó ń wò. Irú iṣẹ́ tí àwọn òbí ń tìtorí rẹ̀ ké sí ọmọ pé ó ti bàjẹ́ nìyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé iwájú àwọn tí yóò mọ iyì rẹ̀.

Ní ọdún 1962 ni a ṣí Mbari Mbayo ní ilé Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo, láti ọwọ́ Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe eré, tí a ti ń pàtẹ àwòrán, tí ará ọjà àti ọ̀mọ̀wé sì ti ń pàdé. Twins Seven-Seven jó níbẹ̀, àwọn onílé sì rí i lójú kan náà pé oníjó yìí kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí ó kọjá lọ. Wọ́n dá a dúró. Ní ọdún kan náà, Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà ní Òṣogbo. Kò fi ti aláwọ̀ funfun hàn wọ́n pé kí wọ́n dà á kọ. Ó fún wọn ní ohun èlò, ó sì jẹ́ kí olúkúlùkù wá ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni Twins Seven-Seven nígbà tí ó fi kálámù àti tádáwà ya àwọn àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí ni ó yà? Ó ya igbó tí ewé rẹ̀ kún dẹ́dẹ́. Ó ya iwin, ó ya ọdẹ, ó ya ẹranko tí ara rẹ̀ kún fún ojú àti ìrẹ́. Ó ya odò àti ẹja inú rẹ̀, ó ya ọba àti ìjòyè. Kò fẹ́ kí àyè kankan ṣófo lórí bébà. Ilà tín-ín-rín tẹ̀lé ilà tín-ín-rín bí ìgbà tí obìnrin ń di irun. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀dà lórí pákó pẹlẹbẹ, nígbà mìíràn a gé pákó náà sí wẹ́wẹ́, a sì tò ó lé ara wọn kí igbó náà lè dà bí èyí tí ènìyàn lè wọ̀. Àwọn tí wọ́n rí iṣẹ́ rẹ̀ rántí àwọn ìwé D. O. Fágúnwà àti ti Amos Tutùọlá, níbi tí ọdẹ ti ń pàdé ẹbọra ní ìdí igi.

Níbo ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti rí gbogbo ohun wọ̀nyí? Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò fi hàn án. Bí a bá rò ó dáadáa, a ó rí i pé ọ̀nà ni. Ẹni tí ń bá olóògùn kiri yóò sùn ní ìlú kan lónìí, yóò jí sí òmíràn lọ́la. Yóò rí egúngún ìlú yìí, yóò gbọ́ àlọ́ ìlú kejì. Yóò mọ̀ pé bí wọ́n ti ń kọ ilà níhìn-ín kọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ohun tí ẹni tí kò kúrò lójú kan kà sí bí ayé ti gbọ́dọ̀ rí, arìnrìnàjò mọ̀ pé ọ̀nà kan lásán ni nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Níbi tí ènìyàn bá ti lè fi ohun méjì wé ara wọn ni ojú ti ń là.

Bí ọ̀ràn náà ti kan Ọ̀yọ́ gan-an tún yẹ fún àfiyèsí. Púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán Òṣogbo ni wọ́n ti inú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ wá. Ọwọ́ tí ń lu ìlù lálẹ́ ni ó ń di búrọ́ọ̀ṣì mú lọ́sàn-án. Eré tí ó sì sọ ẹgbẹ́ náà di olókìkí ni Ọba Kò So, ìtàn Ṣàngó Aláàfin Ọ̀yọ́. Wọ́n ṣe é ní Òṣogbo ní ọdún 1963. Ní ọdún 1964 wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1965 wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ìtàn Ọ̀yọ́ ni ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, òun ni ó sì mú àwọn ọ̀dọ́ náà dání. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dàgbà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ó di ayàwòrán àti onílù, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó rìn dé òkè òkun, ó sì padà sí Ìràgbìjí láti fi ohun tí ó rí tún ìlú rẹ̀ ṣe.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó rántí Adébísí Fábùnmi. Ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì wà lára àwọn ayàwòrán Òṣogbo wọ̀nyí. A mọ̀ ọ́n fún àwòrán tí a kọ́kọ́ gbẹ́, kí a tó fi tádáwà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a sì tún mọ̀ ọ́n fún àwòrán tí ó fi òwú aláràbarà ṣe dípò ọ̀dà. Ọ̀nà tí ó wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo kò tó ìrìn ọjọ́ kan nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà kékeré náà tó láti sọ ọmọ kan di ẹni tí àwòrán rẹ̀ kọjá òkun. Kì í ṣe bí ọ̀nà ti gùn tó ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe ohun tí ó wà ní ìparí rẹ̀ àti irú ojú tí a fi ń rìn ín.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀nà ń kọ́. Ní ọdún 1917 ni a bí Jacob Lawrence ní Amẹ́ríkà, láti inú ìdílé àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kúrò ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà wá iṣẹ́ lọ sí àríwá. Ní Harlem, ní ìlú New York, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1941 ó parí àwòrán 60 tí ó fi sọ ìtàn bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣí kúrò ní gúúsù, tí wọ́n ru ẹrù, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n sì dé ibi tí ẹnì kan kò mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń lọ sí Gánà yóò mọ ìtàn náà lójú kan. Ní ọdún 1962 Lawrence wá sí Nàìjíríà, a sì pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Ohun tí ó rí kò jẹ́ kí ó sinmi. Ní ọdún 1964 òun àti ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, padà wá, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ.

Nínú àwọn àwòrán tí ó yà nígbà náà, ọ̀kan wà tí ó pè ní Street to Mbari, èyí ni òpópónà tí ó lọ sí Mbari ní Ìbàdàn. Òpópónà ọjà ni. Èrò kún un fọ́fọ́. Àwọn kan ru ẹrù, àwọn kan pọn ọmọ, aṣọ títà wà lórí àtẹ, òrùlé páànù sì tò lọ bí ojú ti lè rí i mọ. Ní ilé àkójọ àwòrán ìjọba àpapọ̀ ní Washington ni àwòrán náà wà lónìí. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: mélòó ni àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń gba irú òpópónà bẹ́ẹ̀ kọjá ní ọdún 1964, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n ń bá ọlọ́kọ̀ jà sí owó, tí ojú wọn kò sì rí ohun kan tí ó tó wò? Àlejò rí i, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú àlejò ńlá, kò fi ríran. Ní ti ayàwòrán, ọ̀ràn yí padà: ojú àlejò ni ó fi ń ríran. Ọmọ onílé pàápàá lè ní irú ojú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ó bá kúrò nílé kí ó tó padà wá bá a.

Ṣé gbogbo ẹni tí ó bá ti rìn ni ó ń ríran ni? Rárá o. Ọ̀nà kì í kọ́ ẹni tí ó di ojú rẹ̀. Ẹ wo Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde tí a bí ní ọdún 1882, ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ gan-an ní ọnà nínú. Kó tó di pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, ó ti ń ya àwòrán ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwòrán ìyáàfin Spencer Savage tí ó yà ní ọdún 1906 ṣì jẹ́ ẹ̀rí títí di òní. Ohun tí ó kù fún un ni ó lọ wá, kò lọ wá ohun gbogbo. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1922, kò jókòó ti ògo ara rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó, ó sì ń rọ ìjọba pé kí a fi àwòrán yíyà kún ẹ̀kọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Nǹkan méjì ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ rí dì mú nínú èyí. Èkíní ni pé kí ó ti ní nǹkan lọ́wọ́ kí ó tó jáde nílé. Èkejì ni pé kí ó mọ ohun tí yóò ṣe fún ilé nígbà tí ó bá dé.

Àwọn òbí kò sì ṣàì ní ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ebi ni yóò pa ayàwòrán. Kò yẹ kí a pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Twins Seven-Seven lọ sí Amẹ́ríkà, ó gbé ní ìlú Philadelphia fún ọdún púpọ̀, ó sì rí ìnira níbẹ̀ tí ó pọ̀ ju èyí tí ó yẹ fún ẹni tí a fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ilé àkójọ ohun ìyebíye. Òtítọ́ ni pé ní ọdún 2005 àjọ UNESCO fi oyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n oyè kì í ṣe oúnjẹ. Ayàwòrán lè di olókìkí, kí àpò rẹ̀ sì gbẹ.

Ṣùgbọ́n kí a bi àwọn òbí ní ìbéèrè kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn dé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí ọkọ̀ lè gbà, lẹ́yìn iṣẹ́ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbànújẹ́ ńlá ni. Ǹjẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ wá tìtorí rẹ̀ sọ pé òwò kò dára mọ́? Ǹjẹ́ baba kan wá sọ pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ pàtẹ láéláé? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n gbọn ara wọn nù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni ó dé tí a fi ń dárí àdánù ji òwò, tí a kò sì dárí rẹ̀ ji ọnà? Bí ewu bá wà lọ́nà méjèèjì, kí a fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n.

Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà yóò gbàgbé ilé. Èyí náà lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀ kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí Twins Seven-Seven fi wà ní ìlú òtútù, igbó ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń yà, òrìṣà odò ni ó ń yà, ọdẹ àti ọba ni ó ń yà. Bí ó ti jìnnà sí ilé ni ilé ń sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Àjò kì í sì í dùn kí onílé má relé: Ìbàdàn, ìlú baba rẹ̀, ni ó kú sí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2011.

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù: kí ni àwòrán ń ṣe fún ìlú? Ẹ jẹ́ kí a fi Ọ̀yọ́ Ilé dáhùn. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander, àwọn arìnrìnàjò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ìlú náà. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, títí kan bí a ti gbẹ́ ère sára òpó àti ilẹ̀kùn ilé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìlú náà tú, igbó sì bò ó. Àwọn arókin pa orúkọ àwọn ọba mọ́, wọ́n pa ogun mọ́, wọ́n pa oríkì mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n etí ni wọ́n pa á mọ́ fún. Bí ojú bá fẹ́ mọ bí ọjà ti rí ní àárọ̀, tàbí bí oòrùn ti ń ràn lé òrùlé koríko ààfin, kò sí ibi tí yóò lọ. Nínú gbogbo oníṣẹ́ ọnà tí ó wà ní ìlú ńlá náà, a kò rí ẹnì kan tí ó ya ìlú náà fún wa. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ àlejò ni a ń wò bí ẹni ń fi ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wo yàrá baba ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú mìíràn tún ń lọ lójú wa yìí. Ní Ọ̀yọ́, ilé amọ̀ àtijọ́ ń wó, bíríkì sì ń gba ipò rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé tí baba àgbà fi owó àjò kọ́ ń di àlàpà, àwọn ọmọ sì ń fọ́ ọ láti kọ́ tuntun. Kò sí ẹ̀bi nínú kíkọ́ tuntun. Ẹ̀bi wà nínú pé kí ti àtijọ́ lọ láìsí ẹnì kan tí ó yà á. Ọmọ tí ó lè ṣe é wà nínú ilé wa. Àwa ni a sì ń gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín mọ àwòrán yà, ẹ má ṣe dúró de ọkọ̀ òfuurufú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Akẹ̀sán, ọjà tí ó wà níwájú ààfin Aláàfin, ní àárọ̀ kùtùkùtù kí èrò tó pé. Ẹ ya bí ẹni tí ń fín igbá ti di ọ̀bẹ rẹ̀ mú. Ẹ sọdá Odò Ọbà, kí ẹ wò bí igi ti ń dínkù tí koríko sì ń gùn. Bí ẹ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo ilé àwọn tí ó ti Gánà dé, kí ẹ béèrè ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ padà sí Ọ̀yọ́, kí ẹ sì tún Akẹ̀sán wò. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe Akẹ̀sán tí ẹ fi sílẹ̀ ni ẹ bá. Bí ọ̀nà kékeré yìí bá ti kọ́ yín, ọ̀nà ńlá yóò kọ́ yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin náà, nígbà tí ọmọ bá tún dé tí ó sọ pé òun ń lọ wo ayé kí òun lè yà á, ẹ rántí ẹni tí ó di ẹrù aṣọ lọ sí Tamale ní ọjọ́sí. Ẹ béèrè ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ béèrè ìgbà tí yóò padà, ẹ gba á níyànjú pé kí ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ tí yóò fi jẹun nígbà ọ̀dá. Lẹ́yìn èyí, ẹ wúre fún un bí ẹ ti ń wúre fún oníṣòwò. Owó tí oníṣòwò mú bọ̀ lè tán kí ọdún tó yí po. Ojú tí ayàwòrán mú bọ̀, gbogbo ìlú ni yóò máa fi ríran lẹ́yìn tí òun tìkára rẹ̀ bá ti lọ.